Ẹ̀yìn Kọ́bọ̀ Bàbá Agbowó

Ìṣó kan ṣoṣo ló di kọ́bọ̀ náà mọ́ igi òkè ilẹ̀kùn pálọ̀ Bàbá Májẹ́kódùnmí ní Agbowó, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí ìṣó ọ̀hún ti wà níbẹ̀. Ihò tí òyìnbó dá sí kọ́bọ̀ náà ni ìṣó gbà kọjá. Ojú tó ní adé ọba ló kọ sí èèyàn, ojú kejì kọ sí igi. Àlejò tó bá wọlé á gbójú sókè, Bàbá á sì sọ fún un kó tó béèrè pé, “Ọdún tí wọ́n bí mi ni wọ́n kọ sára ìyẹn. Kọ́bọ̀ ìgbà ogun Hítílà.” Àlejò á ní háà, àgbà ti dé. Wọn á sì gbé omi fún un.

Kò sí àlejò kankan tó béèrè rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ojú tí wọ́n kọ ọdún sí gan-an ni wọ́n dà bo igi. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé 1942 ni. Ta ló tún fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò? Wọ́n ń ka ọjọ́ orí Bàbá sí mẹ́tàlélọ́gọ́rin, Bàbá kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Káfíńtà ni, ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún ọ̀tún ti dá a dúró, ṣùgbọ́n kò tíì sí ilẹ̀kùn tó ń ké nínú ilé rẹ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, Jésùlọlá, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ torí pé yunifásítì kò jìnnà, ló tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ya fọ́tò kọ́bọ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sáàárín àwọn tó ń ra owó àtijọ́ lórí fóònù. Kò pé wákàtí kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Simon, tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀, fi pè é.

“Bàbá, ó ní ihò kọ́bọ̀ yín yẹ̀,” Jésùlọlá sọ fún un nídìí oúnjẹ. “Ó ní ihò kì í yẹ̀ báyẹn, pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀.”

“Kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn ṣe?”

“Ibẹ̀ ni ọdún wà, sà. Mo ti sọ fún un pé 1942 ni, ó ní àfi kóun fojú ara òun rí i.”

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ Bàbá kò dé ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹbí Ọ̀ṣuntóyìn fẹ́ pàdé ní Bódìjà láti fi olórí ẹbí jẹ, torí olórí tó wà níbẹ̀ ti kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Nínú ẹbí yẹn, wọn kì í dìbò, wọn kì í sì í wo bí àpò ẹni ṣe wúwo tó. Ọkùnrin tó bá dàgbà jù ni oyè ń wọ́ tọ̀. Májẹ́kódùnmí, Bàbá Agbowó fúnra rẹ̀, ló kàn. Surajudeen àbúrò rẹ̀, tó ń gbé ní Ṣálẹ́ǹjì, ló tẹ̀lé e.

Àbúrò tí wọ́n ń pè é yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀.

Ará Ṣakí ni Ọ̀ṣuntóyìn tó bí wọn. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe fún rélùwéè ní Dùgbẹ̀ nígbà tí ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gbọ́n. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyá Májẹ́kódùnmí ń bá a gbé n'Ìbàdàn, ó sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Bàdírátù, ìyá Surajudeen, Mùsùlùmí ni, Ṣakí ló ń gbé. Láyé ìgbà náà, kò sí ìwé ìbí. Bí wọ́n bá bí ọmọ fún Ọ̀ṣuntóyìn, yóò lọ bá akọ̀wé tó ń sanwó oṣù ní stéṣọ̀n, yóò ní kó bá òun ṣa kọ́bọ̀ tí wọ́n kọ ọdún yẹn sí jáde. Yóò fi okùn gba inú ihò rẹ̀, yóò so ó mọ́ ìdí ọmọ. Dúdú ni okùn ọmọ Ìbàdàn, pupa ni ti ọmọ Ṣakí. Bí ọmọ bá ti ń rìn, yóò tú u, yóò kó o sínú agolo tábà. Ìwé ìbí tirẹ̀ nìyẹn, iná kò lè jó o, ikán kò sì lè jẹ ẹ́.

Ọdún 1953 ni Ọ̀ṣuntóyìn kú. Bàdírátù ti kú ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n bá kó Surajudeen wá s'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn. Èwo ni ẹ̀gbọ́n? Bí wọ́n bá bi àwọn ará Ṣakí, wọn á ní ọdún ogun ni wọ́n bí i. Bí wọ́n bá bi àwọn ará Ìbàdàn, ọdún ogun náà ni. Májẹ́kódùnmí ga, Surajudeen rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n gbé agolo tábà jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀wé nínú àwọn àgbà tó wà ní yàrá náà, ìyẹn Tíṣà, àbúrò ìyá Májẹ́kódùnmí. Òun ló gbé kọ́bọ̀ méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, “Èyí tó ní okùn pupa, 1943. Èyí tó ní okùn dúdú, 1942.”

Ó ka ti ọmọ Ṣakí bó ṣe wà. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yí. 1944 ló wà níbẹ̀. Ìyá Májẹ́kódùnmí mọ ọdún tó bímọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde ta ko ọmọ ara rẹ̀? Ohun tí Tíṣà ń wò ni yàrá Ọ̀ṣuntóyìn àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, torí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni irú ìyẹn ń bọ́ sí. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Àwọn àgbà ẹbí ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló ni irinṣẹ́, kó yáa máa fi ṣiṣẹ́. Owó tí olóògbé fi sílẹ̀ kò lè rán ju ọmọ kan lọ nílé ìwé, kí àbúrò lọ. Tíṣà kò lè yí i padà mọ́, torí bó bá sọ òótọ́, á tú ara rẹ̀ fó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Májẹ́kódùnmí ti mọ pákó fá nígbà yẹn.

Ìgbà tó gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ni Tíṣà tó fún un ní kọ́bọ̀ náà, tó ní kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Káfíńtà kò lè ṣe kó má mọ nọ́ńbà. Ó yí i sẹ́yìn, ó kà á, ó sì bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, Surajudeen tó ti di ọmọ ilé ìwé gíga wá kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ọ̀gá káfíńtà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire.” Ohun tó dùn mọ́ni ni, kí a má purọ́. Májẹ́kódùnmí mú ìṣó, ó kan kọ́bọ̀ náà mọ́ ìdérí àpótí irinṣẹ́, ó dojú ọdún délẹ̀. Nígbà tó kọ́lé sí Agbowó, ó yọ ọ́, ó tún un kàn sókè ilẹ̀kùn. A kò lè sọ pé ó purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn án mọ́gi ni.

Simon dé lọ́jọ́bọ̀ ní aago mọ́kànlá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ní awò kékeré kan tó ń fi sójú wo inú aago. Bàbá wo Jésùlọlá, ó wo ìwé ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó ní kó lọ bá òun ṣe é ní fọ́tòkọ́pì mẹ́wàá.

“Mẹ́wàá, Bàbá?”

“Ṣé owó ẹ ni?”

Nígbà tí ọmọ náà jáde tán, Bàbá fún Simon ní ẹmú àti àpótí ìjókòó. Simon gun àpótí. Ìṣó náà kọ́kọ́ ṣagídí, ó wá jáde tòun ti èérún igi tín-ń-tín. Simon yí kọ́bọ̀ náà, ó fi awò sójú.

“Naintín-fọ́tì-fọ́!” Ohùn rẹ̀ ròkè.

“Rọra sọ̀rọ̀,” Bàbá ní, ó sì wo ojú ọ̀nà.

“Ọmọ yẹn ní fọ́tì-tú ni, sà.”

“Ọmọdé ni. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.”

Simon bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ kan gbé kọ́bọ̀ náà, kò jẹ́ kí ìka kàn án. “Bàbá, kọ́bọ̀ 1944 fúnra ẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n o. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ mílíọ̀nù. Ẹ wò ó, kò sí lẹ́tà kankan lábẹ́ ọdún, Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn tí wọ́n ṣe ní Bìmíńgámù máa ń ní lẹ́tà kékeré. Ogun ń jà, bọ́ǹbù ń já lé wọn lórí, wọ́n ṣì ń ṣe kọ́bọ̀ fún wa, wọ́n ń kó o gba ojú òkun wá. Wọn ò fẹ́ràn wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n nílò ẹ̀pà wa, wọ́n nílò èkùrọ́, ẹni tó bá sì ta èkùrọ́ fẹ́ gbowó tó máa dún lápò.” Ó rẹ́rìn-ín. “Funfun tó funfun yìí, kì í ṣe fàdákà. Ẹ ò sì ní rí orí ọba níbẹ̀, ihò ti gba ibi tí orí ìbá wà. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ yípo.”

“Kí ló wá mú tèmi ṣọ̀wọ́n?”

“Ihò. Ẹ̀rọ ló ń dá a, àárín gbùngbùn ló sì ń dá a sí. Tiyín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò ti jù ú sẹ́yìn kí wọ́n tún un yọ́. Bóyá oorun ń kun ún, bóyá ọmọ ẹ̀ tó wà lójú ogun ló ń rò, a ò mọ̀. Ó jẹ́ kó kọjá. Kẹ́nì kan wá tọ́jú irú ẹ̀ láìná an, kó sì mọ́ báyìí! Tí kì í bá ṣe ìṣó yìí tó ha ihò ẹ̀ díẹ̀…” Ó mi orí. “Mo máa fún yín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ẹnì kan ní Kánádà ló ń wá a.”

Bàbá kò gbọ́ iye owó náà dáadáa. Kánádà ló gbọ́.

“Ṣé yóò kúrò ní Nàìjíríà pátápátá?”

“Pátápátá, sà. Lọ́la ni mo máa kó owó wá, lẹ́yìn aago mẹ́rin.”

Inú Bàbá dùn débi pé ojú tì í. Kọ́bọ̀ yóò lọ, ọdún yóò bá a lọ, kò ní sí ẹni tí yóò yí igi ilẹ̀kùn wò mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, yóò jókòó sórí àga olórí ẹbí, wọn yóò pa ẹnu pọ̀ kí i. Ó fi kọ́bọ̀ náà sí àpò bùbá, ó sin Simon dé ẹnu géètì bí ẹni pé orúnkún kò dùn ún rí.

Kò tíì padà jókòó tí fóònù fi dún. Surajudeen ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Mo ti ní kí wọ́n fọ mọ́tò. Aago mẹ́jọ ni mo máa wá gbé yín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ kẹ̀kẹ́, ẹ rántí orúnkún yín.”

“O ṣeun.”

“Àwọn ọ̀dọ́ kan tiẹ̀ fẹ́ máa sọ pé kí wọ́n yan ẹni tó kàwé. Mo bá wọn wí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, kí ló ń jẹ́ ìwé? Mo ní ọdún ara kọ́bọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ yẹn láti 1953.” Ó rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ó dàárọ̀ ọjọ́ náà, sà.”

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpò bùbá rẹ̀. Jésùlọlá wọlé pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì mẹ́wàá, ó rí i pé òkè ilẹ̀kùn ti ṣófo, ihò ìṣó nìkan ló kù, àti àmì roboto kan níbi tí èéfín àti eruku kò ti dé. Ó béèrè bóyá wọ́n ti tà á. Ojú àmì roboto yẹn ni Bàbá ń wò. Bí kọ́bọ̀ bá lọ, ẹ̀rí lọ nìyẹn, irọ́ Tíṣà á wá di òtítọ́ pọ́ńbélé, òun fúnra òun ni yóò sì ti tà á. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, iṣẹ́ ìṣó lásán ló ń ṣe. Èyí tó fẹ́ ṣe lọ́la yìí, olè ni. Ó dùn ún wọra.

Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣálẹ́ǹjì.

Ilé Surajudeen wà lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó kì í ti í dákẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìwé kún gbogbo pálọ̀ rẹ̀. Ó ń múra ìrun Jímọ̀ lọ́wọ́, búútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní fàráńdà, nígbà tó rí Bàbá Agbowó tó ń tiro bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wọ kẹ̀kẹ́! Ṣebí mo sọ fún yín?” Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, síbẹ̀ ó ti ń nawọ́ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

“Má dọ̀bálẹ̀ fún mi.” Bàbá mú kọ́bọ̀ náà jáde, ó fi sí i lọ́wọ́, ojú ọdún lókè. “Kà á.”

Surajudeen kò wá awò. Kò tiẹ̀ wo kọ́bọ̀ náà. Ó ká ìka mọ́ ọn, ó rọra jókòó.

“Ẹ ti yọ ọ́ lára igi,” ló sọ.

“Mo ní kí o kà á.”

“Mo ti kà á, sà.”

“Nígbà wo?”

“Ọjọ́ tí Tíṣà kà á.”

Àwọn ará gáréèjì ń pe Èkó, Èkó, Èkó. Bàbá wá àga, ó jókòó.

“Mo ti ń lọ sílé ìwé ní Ṣakí kí wọ́n tó mú mi wá,” Surajudeen ní. “Ẹ̀gbẹ́ Tíṣà ni mo jókòó sí. Mo rí mẹ́rin méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Mo rí ihò tó yẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù bà mí, mi ò ní ìyá níbẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá pín irinṣẹ́ tán, màá sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n wá ní àbúrò ló máa lọ ilé ìwé…” Omi ti dé ojú rẹ̀. “Mo rí i pé tí mo bá sọ ọ́, èmi ni wọ́n máa gbé àpótí irinṣẹ́ fún. Mo dákẹ́. Ìwé tí mo kà yìí, ẹ̀yin ló ni ín. Gbogbo ìgbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún yín ni mo máa ń sọ nínú mi pé, bóyá èyí ló máa tó.”

Inú bí Bàbá. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wo ibi tí ayùn ti gé ìka kan lọ lọ́dún tó ń ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo àwọn ìwé tó jókòó lórí pẹpẹ. Òun ló kan pẹpẹ náà, kò sì lè ka ìdajì ohun tó wà lórí ẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú. Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò rí ibi jókòó sí. Ta ló jókòó sórí àga ẹlòmíràn fún ọdún méjìléláàádọ́rin, tó tún ń gbé omi fún àlejò nítorí ẹ̀? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiwọn yìí, ẹni méjì ló ti ń sá fún un, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ó di apá àga mú, ó tẹ orúnkún tó dáa sílẹ̀, ó tẹ èyí tó ń dùn ún lé e, ó wá na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì fàráńdà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí.”

“Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, sà!”

“Mi ò dìde fún ẹni tó ń pè mí ní sà. Lọ́la, èmi ni màá sọ ọ́ fún wọn ní Bódìjà, tòun ti kọ́bọ̀ yìí lọ́wọ́. Bí a bá ti ibẹ̀ dé, kí Simon gbé e lọ Kánádà bó bá ṣì fẹ́ ẹ, ká pín owó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè mí bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò.”

Moróunkẹ́, ìyàwó ọmọ Surajudeen, ti gbọ́ ariwo, ó yọjú láti ilé ìdáná, ó rí Bàbá Agbowó nílẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Surajudeen wo búútà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Májẹ́,” ó ní. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún un pè, ohùn náà dúró dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. “Májẹ́, dìde. Omi ti tán nínú búútà yìí. Lọ bá mi pọn ọ́n wá.”

Bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin dìde díẹ̀díẹ̀, ó gba búútà, ó sì ń tiro lọ sídìí ẹ̀rọ omi ní ẹ̀yìnkùlé. Moróunkẹ́ sáré kò ó lọ́nà, ó nawọ́ láti gbà á.

“Yàgò,” Bàbá ní. “Èmi ni wọ́n rán.”